Oṣù Kejìlá, Níwájú Àpótí Iyùn

Ní Oulu, oòrùn oṣù Kejìlá kì í pẹ́ lálejò:
ó yọjú lẹ́yìn aago mẹ́wàá,
ó ti ń dágbére kí n tó fọ abọ́ oúnjẹ ọ̀sán tán.
Fèrèsé kan ṣoṣo tó ń tàn búlúù ní àdúgbò wa, tèmi ni.
Àwọn ọmọ tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ a dúró nínú yìnyín,
wọn a nàka sí i: "Òkun Armas nìyẹn."

Òkun! Àpótí dígí tí kò gùn ju ibùsùn ọmọdé lọ,
omi ẹ̀rọ, iyọ̀ inú ike, ẹja méjì,
àti iyùn.
Kì í ṣe iyùn ọrùn, ẹ jọ̀ọ́.
Èyí tí ẹ sín, tí ẹ so mọ́rùn, egungun ni.
Tèmi ní ẹnu, ẹgbẹ̀rún ẹnu,
ó ń jẹun lóru bí olè.

Ọjọ́ Ajé kan, èyí tó dà bí ìwo àgbọ̀nrín
funfun láti ìdí.
Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, awọ rẹ̀ ń ṣí bí ọ̀dà ògiri àtijọ́.
Èkejì, tó máa ń wú bí búrẹ́dì láàárọ̀,
kò wú mọ́; ó súnkì mọ́ egungun rẹ̀, ó dákẹ́.

Ogójì ọdún ni mo fi tún ẹ̀rọ bébà ṣe,
mo mọ̀ pé nǹkan kì í ṣàìsàn lásán.
Ooru omi? Ìwọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò yẹ̀.
Efun inú omi? Ó tó.
Ìgbẹ́ ẹja? Mo kán oògùn sínú ìgò, mo mì ín,
mo dúró ìṣẹ́jú márùn-ún; kò pọ́n.
Mo fura sí ẹja oníbàbà, mo jókòó sókùnkùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì
kí n lè ká a mọ́ ibi tó ti ń bu iyùn jẹ.
Aláìṣẹ̀ ni. Ó sùn sẹ́yìn òkúta, ó ń mí.

Iyọ̀ ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni mò ń wọn iyọ̀,
nínú ike pelebe tí Eino ẹ̀gbọ́n mi fún mi,
tí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń dìde bí omi bá níyọ̀.
Abẹ́rẹ́ ní iyọ̀ kù; mo bù sí i.
Abẹ́rẹ́ ní ó ṣì kù díẹ̀; mo bù sí i.
Abẹ́rẹ́ ní márùndínlógójì; mo ní ó dára.
Iyùn sì ń kú.

Àkàbà ni Tellervo ti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá yá.
Ó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń yẹ wàrà wò.
Kò wo iyùn. Abẹ́rẹ́ ló wò.
"Ta ló ń yẹ èyí wò?"
Ta ló ń yẹ òṣùwọ̀n wò!
Ó gbé awò kékeré rẹ̀ wá, ó kán omi sí i lójú,
ó kọ ọ́ sí iná, ó ní kí n wá fojú ara mi rí i.
Mọ́kànlélógójì.
Iyọ̀ gbígbẹ ti lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́, tín-ín-rín bí èékánná ọmọ,
ó wúwo, kò lè dìde,
ó ń pe àpọ̀jù ní àìtó.
Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fi iyọ̀ pa wọ́n
bí ẹja tí à ń tọ́jú de ìgbà òtútù.

Mo gbé garawa omi, mo fẹ́ dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà.
Tellervo di ọwọ́ mi mú.
Ohun tó fi oṣù kan wọlé, má fi ìṣẹ́jú kan lé e jáde.
Abọ́ kan láàárọ̀, abọ́ kan lálẹ́:
bu oníyọ̀ kúrò, da aláìníyọ̀ sí i, lọ sùn.

Èyí tó dà bí ìwo kò dúró dè wá.
Egungun rẹ̀ wà lójú fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́ mi.
Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún
ẹnu kan là lára èkejì, kékeré bí orí ìṣáná,
ó nawọ́, ó ká a kò, ó tún nà á.
N kò pariwo. Mo fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ti fi ọtí kíkan fọ abẹ́rẹ́ Eino.
Ó ń sọ òtítọ́ báyìí, tàbí ó jọ bẹ́ẹ̀.
Síbẹ̀ mo ti ń fura sí aago ògiri,
sí ohun tí a fi ń mọ òtútù tó kọ́ sẹ́yìn fèrèsé,
àti sí gbogbo ohun tí Eino sọ fún mi nípa bàbá wa
tí mo gbà, tí n kò yẹ̀ wò.